Ikùn Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Chennai

Ẹni tó bá ti ìdálẹ̀ dé, ẹ̀bùn làwọn ará ilé kọ́kọ́ máa ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ti ìlú Íńdíà dé, ohun tí gbogbo àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ ń bi mí ni pé, "Rónkẹ́, ibo lo fi ìyókù ara rẹ sí?" Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí lójú títì, mo ti dáhùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti dáhùn rẹ̀ lẹ́nu géètì èbúté, títí ó fi sú mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Adérónkẹ́ ni mí. Iṣẹ́ ejẹ́ńtì ni mò ń ṣe, mo máa ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù wọn jáde ní èbúté Àpápá. Liverpool Road ni ọ́fíìsì mi wà, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mò ń gbé. Ọkọ mi, Bàbá Ìbùkún, ń tún ẹ́ńjìnnì tírélà ṣe ní Malu Road. Màmá mi, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń gbé ní òpópónà kejì sí wa. Aránṣọ ni wọ́n. Fún ọdún mẹ́wàá kí n tó lọ sí Íńdíà, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún mi jù ni kí wọ́n máa tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ mi, kí wọ́n fi aṣọ kún un, kí wọ́n tún un rán.

Bàbá tó kúnlẹ̀

Mo sanra. Mi ò sọ irú sísanra tí wọ́n fi ń kíni pé ara yín mà dán o. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ti mọ̀ mí láti ìgbà pípẹ́ kì í pe orúkọ mi mọ́. "Mama Orobo, how far?" ni wọ́n máa ń ké láti inú ọkọ̀. Màá rẹ́rìn-ín, màá juwọ́ sí wọn, torí kò sí ìkà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà ti wọlé sí mi lára. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Mo gbààwẹ̀. Mo mu àgbo. Mo mu tíì kíkorò kan tí ọ̀rẹ́ mi fún mi, ọjọ́ mẹ́ta ni mo sì fi jókòó sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí mo bá fi oṣù mẹ́ta lé kílò mẹ́jọ lọ, oṣù méjì péré ni mẹ́wàá fi ń padà wá. Dókítà tó ń tọ́jú mi sọ pé iṣẹ́ abẹ kan wà ní ìlú Chennai ní Íńdíà tí wọ́n fi ń dín ikùn kù. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọdún méjì gbáko ni mo fi sá fún ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó mú mi dúró kéré. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bàtà mi bọ́ lẹ́sẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ó sì wọ abẹ́ tábìlì. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un, ọwọ́ mi ò débẹ̀. Mo tún gbìyànjú, èémí mi ń já. Oníbàárà kan wà lọ́dọ̀ mi, bàbá arúgbó kan tí ọmọ wọn fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí láti òkè òkun. Bàbá náà wò mí títí. Kí n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n ti kúnlẹ̀, wọ́n ti fa bàtà náà yọ, wọ́n sì ń fi wọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Àgbàlagbà tó ju bàbá tó bí mi lọ, lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi!

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Wọ́n ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ọmọ mi. Ó rẹ̀ ọ́ ni."

Inú rere yẹn ló fọ́ mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́, mo yà sí Malu Road. Ọkọ mi wà lábẹ́ tírélà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta, mo sì bá ẹsẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Mo ní mo fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ẹsẹ̀ náà ò mira. Nígbà tó yá, ọkọ mi wọ́ jáde, ó dìde, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀. Tí o bá sùn, èémí rẹ máa ń dúró. Èmi náà á wá di tèmi mú títí tìrẹ á fi padà."

Ọdún mẹ́rìndínlógún la ti fẹ́ra, kò sọ ọ́ fún mi rí.

Màmá ni kò gbà. "Ikùn tí Ọlọ́run dá ni wọ́n fẹ́ gé?" Wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tó rù kì í kú?" Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìkíni nìkan ló ń kọjá láàárín wa. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò tán lọ́kàn mi, wọ́n ní, "Ó dáa. Èmi ni màá sìn ọ́ lọ. Ẹni tó bá máa fi ọ̀bẹ kan ọmọ mi, ojú mi ni yóò ṣe é." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni láti yí mi padà kí n tó dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Orí tó ń mì

Etí òkun ni ìlú Chennai wà, bíi tiwa. Bí a ṣe jáde ní pápákọ̀ òfurufú, ooru gbá wa mọ́ra, òórùn iyọ̀ òkun àti èéfín ọkọ̀ àti nǹkan díndín dà bò wá, fèrè ọkọ̀ ń ké lọ́tùn-ún lósì. Màmá dúró, wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn.

"Rónkẹ́, ṣé ó dá ọ lójú pé a ti kúrò l'Ékòó?"

Ilé ìgbàlejò tí a dé sí kò jìnnà sí ọsibítù. Opó kan ló ni ín, ìyá pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí irun wọn ti funfun. Ámmà ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Ní èdè ibẹ̀, ìyá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kí Ámmà lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì bèèrè bóyá yàrá wa ti wà nílẹ̀. Ámmà rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n mi orí sọ́tùn-ún, wọ́n mì í sósì.

"Wọ́n ní kò sí," ni Màmá wí, ojú wọn sì tàn. "Ó parí nìyẹn. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ṣùgbọ́n Ámmà ti gbé àpótí wa wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà wá kó tó yé wa pé bí wọ́n bá mi orí báyẹn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n ń wí. Nígbà tó yé Màmá, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi tiwọn. Wọ́n ń mi orí sí ẹni tó ń ta tíì, wọ́n ń mi orí sí ọlọ́pàá, wọ́n tiẹ̀ mi orí sí màlúù kan tó dúró láàárín títì tí kò fẹ́ kúrò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanra bíi tèmi, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ọ̀nà ibẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, tí mo bá fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, awakọ̀ á kọ́kọ́ fi ojú wọ̀n mí kó tó ní kí n wọlé. Ní Chennai, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo jókòó, awakọ̀ sì gbéra. Ó ń wò mí nínú dígí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ mi ló ń wò. Ìbú mi ni wọ́n ń wò nílé, dúdú mi ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè fi ìwò kan sinmi lọ́wọ́ òmíràn. Àwọn ọmọ ilé ìwé sá tẹ̀ lé wa, wọ́n fẹ́ fọwọ́ kan irun dídì mi. Bàbá kan sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó ní òun fẹ́ kí ìyàwó òun ya fọ́tò pẹ̀lú mi. Ìyá arúgbó kan tó ń ta òdòdó fà mí mọ́ra, ó fi òdòdó gùn mí nírun, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ lédè Támílì. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn. Àwa méjèèjì ló tẹ́ lọ́rùn.

Mọ́ínmọ́ín tí kò mọ ata

Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú iṣẹ́ abẹ, dókítà tó máa ṣe é fún mi ní omi-omi nìkan ni kí n máa mu, kí ẹ̀dọ̀ mi lè súnkì, kó fún wọn láyè ṣiṣẹ́. Ẹ wo ìdánwò. Èmi tí mo rin ìrìn àjò dé ìlú tí oúnjẹ ti ń hó ní gbogbo kọ̀rọ̀, omi ẹ̀wà tí wọ́n sẹ́ ni mò ń fi kọ́ọ̀bù mu.

Màmá ló ń bá mi jẹ tèmi. Orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Ámmà ti ń bu oúnjẹ fún wọn: ìrẹsì, ọbẹ̀ oríṣi mẹ́rin, yógọ́ọ̀tì, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ bíi tiwa. Màmá ń fi ìka wá inú ọbẹ̀.

"Ibo ni ẹran wà?"

Mo ní, "Màmá, wọn kì í jẹ ẹran nínú ilé yìí."

"Ẹja ńkọ́?"

"Wọn kì í jẹ ẹja."

Wọ́n wo Ámmà pẹ̀lú àánú, bí ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tú edé gbígbẹ tí wọ́n rọ́ wá láti ilé jáde. Òórùn náà kò tíì dé pálọ̀ tí Ámmà fi sáré jáde, wọ́n fi etí aṣọ bo imú, ẹ̀rín sì ń pa wọ́n débi pé wọ́n di ara ògiri mú. Ẹ̀yìnkùlé ni Màmá ti jẹ edé wọn láti ọjọ́ náà. Ámmà sì ń ṣe àkàrà funfun kan fún wọn ní òwúrọ̀, ìrẹsì kíkan ni wọ́n fi ń sè é lórí ooru omi, idli ló ń jẹ́. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n ronú.

"Mọ́ínmọ́ín nìyí," ni wọ́n wí. "Kò kàn mọ ata rí láyé rẹ̀ ni."

Ìyẹn kò ní kí wọ́n má jẹ márùn-ún.

Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà ní pálọ̀ Ámmà. Bí Ámmà bá ti tẹ̀ ẹ́, okùn á já, á tún já. Màmá fi ara dà á fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta wọn ò lè gbà á mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ sún Ámmà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, wọ́n gbọn ìdọ̀tí inú rẹ̀, wọ́n fi òróró sí i, wọ́n tò ó padà. Nígbà tó kọrin lọ geere, Ámmà pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, àwọn ìyá méjèèjì kì í ya ara wọn. Támílì ni ọ̀kan ń sọ, Yorùbá ni èkejì ń sọ, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí apá ẹ̀wù rí.

Fọ́tò ọkùnrin kan wà lára ògiri, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn. Ní ọ̀sán kan, Màmá fi ìka tọ́ka sí i. Ámmà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n lọ bu ṣúgà wá sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi han Màmá. Wọ́n tọ́ka sí fọ́tò ọkọ wọn. Wọ́n tọ́ka sí ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ́ ẹ lórúnkún, bí ẹni tó ń fi ayùn rẹ́ igi. Lẹ́yìn náà wọ́n pa ojú dé.

Kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n wo ṣúgà ọwọ́ Ámmà, wọ́n yíjú wo èmi tí mo jókòó pẹ̀lú kọ́ọ̀bù mi, wọ́n sì bojú wo ilẹ̀.

Lábẹ́ dóńgóyárò

Obìnrin kékeré kan ni dókítà náà. Tó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó ya ikùn sórí ìwé, ó ní òun á gé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò, èyí tó kù á rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní ojú ibi tí òun bá rán lè jò. Ó ní irun mi á já. Ó ní títí láé ni màá máa lo oògùn fítámì. Ó ní ẹni tí kò bá yí ìjẹun rẹ̀ padà, ara náà á padà wá bá a.

"Kì í ṣe idán," ló wí. "Irinṣẹ́ ni. Bí o bá sì fẹ́ padà sílé lọ́la, mi ò ní bínú."

Ó yíjú sí Màmá, ó ní kí n bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí sí i. Màmá ní, "Bi í pé, ká ní ọmọ tirẹ̀ ni ńkọ́?"

Mo bi í. Ó ní, "Màá bẹ̀rù. Màá gbàdúrà. Lẹ́yìn náà màá ṣe é fún un."

Ẹ̀yin ará ilé, bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe balẹ̀, Màmá ni ara wọn rọ̀. Èmi ni jìnnìjìnnì mú. Mo padà sí ilé ìgbàlejò, mo rántí ọmọ mi Ìbùkún tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo rántí pé ara mi tí mo ń bú yìí ló gbé e fún oṣù mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ abẹ ku ọ̀túnla. Mo fa àpótí mi jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni Màmá bá mi. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn síta.

Igi dóńgóyárò kan wà ní àgbàlá, bíi ti ilé ìwé tí mo lọ ní kékeré. A jókòó sábẹ́ rẹ̀.

"Kí n tó bí ọ," ni Màmá wí, "mo bí ọmọ kan. Ọkùnrin. Adéwálé ló ń jẹ́."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí lọ́jọ́ náà. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

"Èéyí ló ṣe é. Ó rù, ó rù, títí tí mo fi lè ka eegun ìhà rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Kò lè jẹ nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ mi ló kú sí." Wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra ìka wọn níbi tí abẹ́rẹ́ ti sọ ọ́ di líle. "Nígbà tí mo bí ọ, mo búra pé kò sẹ́ni tó máa rí eegun lára ọmọ mi mọ́. Tó o bá ní o ti yó, màá ní kó o jẹ sí i. Tó o bá sunkún, màá fi oúnjẹ dí ọ lẹ́nu. Rónkẹ́, èmi ni mo kó ọ̀rá yìí sí ọ lára. Mo rò pé ìyè ni mò ń kó síbẹ̀."

Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Mo tẹ̀ lé ọ wá kí n lè dá ọ padà," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọkọ Ámmà lára ògiri yẹn. Mi ò fẹ́ gbé ìwọ náà kọ́ sára ògiri. Lọ tú ẹrù rẹ."

Mo lọ tú u.

Ìdérí ìgò

Ìgbà tí mo lajú, ó ṣe mí bíi pé tírélà kan gba orí ikùn mi kọjá, ó dé iwájú, ó rántí nǹkan kan, ó sì tún padà. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi kò jẹ́ kí n dùbúlẹ̀. Àfi kí n rìn. Ó di apá mi ọ̀tún mú, Màmá di tòsì, a ń lọ ní kọ́rídọ̀ bí ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra. Àwọn tí wọn ò mọ̀ mí rárá ń yọjú láti yàrá wọn, wọ́n ń gbé àtàǹpàkò sókè sí mi. Ọkùnrin kan tí wọ́n ti gé tirẹ̀ ṣáájú mi pàtẹ́wọ́ fún mi láti orí àga, ó sì di ikùn rẹ̀ mú kíá, torí àtẹ́wọ́ náà dùn ún.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n fún mi ní omi àgbọn. Kọ́ọ̀bù tí wọ́n fi bù ú kò ju ìdérí ìgò lọ. Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Mo mu díẹ̀, mo dúró, mo tún mu. Ìdajì wákàtí ni mo fi mu ìdérí ìgò kan, mo sì yó! Mo yó bí ẹni tó jẹ iyán òwúrọ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, ojú ibi tí wọ́n rán ń dùn mí, mi ò sì lè dá a dúró. Màmá rò pé orí mi ti dàrú, wọ́n fẹ́ lọ pe dókítà.

Ámmà wá kí mi pẹ̀lú nǹkan kan tí wọ́n wé sínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀wù ni, aláwọ̀ òféfèé, àwọn ìyá méjèèjì ló rán an nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo nà án sí ara mi. Apá kan ṣoṣo nínú mi ló lè wọ̀ ọ́.

Mo ní, "Màmá, ta lẹ rán èyí fún?"

"Ẹnì kan tí kò tíì dé," ni wọ́n wí. "Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Lọ́jọ́ tí a ó padà, Ámmà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú. Màmá gbá wọn mọ́ra, wọ́n ń ṣàdúrà fún wọn lédè Yorùbá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, Ámmà sì ń mi orí sí gbogbo rẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì.

Ó tó

Àwọn tó ń rò pé ibi tí wọ́n ti gé ikùn ni ìrìn àjò náà parí sí kò tíì mọ ọ̀nà. Ilé ni ibi tó jìn jù wà.

Lóṣù kẹta, aṣọ mi ń ṣubú lára mi. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nípa àrùn. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bá ẹ̀mí tó ń jẹ mí lára wí kíkankíkan, mo sì ṣe àmín, kí n má bàa dójú tì í. Ní ibùdókọ̀ Coconut, awakọ̀ tírélà kan dá ọkọ̀ dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí mi ká. "Mama Orobo, wetin happen? Who vex you?" Mo ní kò sẹ́ni tó bí mi nínú. Ó ní orúkọ wo ni kí òun wá máa pè mí báyìí. A jọ ronú sí i, a ò rí ọ̀kan.

Kí n má purọ́ fún yín: mo sunkún nítorí oúnjẹ. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, mo gbàgbé ara mi, mo gbé òkèlè ẹ̀bà mẹ́ta mì ní kíákíá. Òógùn bò mí, àyà mi ń lù kìkì, mo sì bì í sẹ́yìn àgọ́. Mo jókòó sórí àga oníke níbẹ̀, mo ń sunkún bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú. Ọ̀rẹ́ mi ni oúnjẹ lóòótọ́. Tí iṣẹ́ bá dùn, òun ni mo ń bá yọ̀. Tí wọ́n bá já mi kulẹ̀ ní èbúté, òun ni mo ń lọ bá. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ oṣù kí n tó mọ ẹlòmíràn tí mo lè lọ bá. Ọkọ mi ni mo wá ń lọ bá. Tí inú bá ń bí mi, màá rìn dé Malu Road, màá rojọ́ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ tírélà.

Irun mi já bí dókítà ṣe wí, ó sì tún hù. Awọ apá mi ń jó tí mo bá juwọ́. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ṣe ohun tí mo ṣe. Ẹni tó bá bi mí, màá sọ ti òógùn ẹ̀yìn àgọ́ yẹn fún un kí n tó sọ ti ayọ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà wà. Dókítà wa nílé ti ní kí n fi oògùn ṣúgà sílẹ̀, ó kàn ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lóòrèkóòrè. Mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ń de okùn bàtà mi fúnra mi. Ọkọ mi ń sùn. Ẹ̀wù òféfèé yẹn bá mi mu lóṣù kẹjọ gẹ́lẹ́. Lóṣù kọkànlá, Màmá fi abẹ́rẹ́ fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Màmá ló jà jù nínú gbogbo wa. Wọ́n ra àwo pẹlẹbẹ kékeré kan fún mi, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé kọ́ọ̀bù tíì, àwọn fúnra wọn ló rà á, àwọn fúnra wọn ló sì kórìíra rẹ̀. "Oúnjẹ ẹyẹ rèé," ni wọ́n máa ń wí. Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, mo jókòó ní pálọ̀ wọn, ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sílẹ̀, wọn ò mọ̀ pé mò ń wò wọ́n. Wọ́n bu ẹ̀wà sórí àwo mi. Wọ́n wò ó. Wọ́n fi ṣíbí kan kún un. Wọ́n dá a padà sínú ìkòkò. Wọ́n tún bù ú, wọ́n gbé ṣíbí náà dúró lókè àwo fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yí i padà sínú ìkòkò, wọ́n sì fi ọmọrí dé e.

"Ó tó," ni wọ́n wí sí ìkòkò náà.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu wọn rí.

Àkàsọ̀ onírin

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà mi kan kó ẹ̀rọ ńlá kan wọlé, ẹ̀rọ tí kò ṣeé gbé sínú kọ̀ǹténà. Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹrù náà ní kí ejẹ́ńtì fúnra rẹ̀ wá wò ó lórí ọkọ̀ kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jẹun lẹ́nu ọkọ̀ ojú omi, mi ò gun ọ̀kan rí. Àkàsọ̀ onírin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ó sì ń mì. Wọ́n fún mi ní àṣíborí, mo di irin mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Mo ka ìgbésẹ̀ dé àádọ́ta, mo gbàgbé iye, mo kàn ń lọ. Atukọ̀ kan na ọwọ́ sí mi lókè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì gbá ọwọ́ náà mú.

Èémí mi wà lára mi. Atẹ́gùn ń fẹ́. Ní ìsàlẹ̀, àwọn ènìyàn tó ń kó ẹrù kéré bí èèrà, tírélà tò lọ ní ìlà gígùn, omi ń dán yinrin, lókèèrè sì ni òrùlé Ajégúnlẹ̀, páànù tó ti dípẹtà lórí páànù tó ti dípẹtà. Mo wo ẹ̀rọ náà, mo fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì ní mo lè sọ̀ kalẹ̀. Mi ò tíì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo pe Màmá lórí fóònù.

"Màmá, orí ọkọ̀ ojú omi ni mo wà o."

Wọ́n pariwo. "Ọkọ̀ wo? Ibo ni wọ́n tún ń gbé ọ lọ?"

"Kò sí ibì kan tí wọ́n ń gbé mi lọ. Àpápá níbí ló dúró sí. Mo rí òrùlé àdúgbò wa láti ibi tí mo wà."

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

"Ṣé o ti jẹun ṣá?"

"Mo ti jẹun, Màmá," mo ní. "Mo yó."